Karu ti Àbújá àti Karu ti Nasarawa: Ibi Tí Ààlà Gbà Kọjá

Bí ẹ bá béèrè ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi Mararaba ṣe ibùgbé ń gbé, Àbújá ni wọn yóò dáhùn. Àwọn ẹbí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìkìrun náà yóò sì máa sọ fún àlejò pé ọmọ àwọn wà ní Àbújá. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdìbò, tàbí ọjọ́ tí ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ìjọba kéde pé kí oníkálùkù jókòó sílé, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀, nítorí pé Mararaba kò sí lábẹ́ Àbújá rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni ín. Ohun tó sì tún wá da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni pé Karu mìíràn wà nítòsí ibẹ̀, tó jẹ́ pé inú Àbújá gan-an ni òun wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń pè ní AMAC. Ẹni tó bá sọ pé Karu lòun ń gbé kò tíì sọ ìpínlẹ̀ tó ń gbé fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀nà náà bí ó ṣe lọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti àárín ìlú, tó sì gba AYA kọjá, yóò kọjá níwájú bárékè tí gbogbo ayé mọ̀ sí Abacha Barracks, yóò dé Kugbo níbi tí àwọn káfíńtà ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà ni yóò dé agbègbè Karu àti Nyanya. Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pín. Bí ó bá yà sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò rí Karu, Jikwoyi, Kurudu àti Orozo, títí yóò fi dé Karshi, Àbújá sì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí kò bá yà, tó ń lọ tààrà lójú ọ̀nà Keffi, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí pátákó tí ìpínlẹ̀ Nasarawa fi ń kí àlejò káàbọ̀, Mararaba sì nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ado, New Karu, One Man Village àti Masaka. (Ado yìí kò bá Adó-Èkìtì tan lọ́nàkọnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wá ìtàn tí yóò so wọ́n pọ̀.)

Ibi tó ti ń rú àlejò lójú nìyí. Ẹni tó ń gbé Orozo tàbí Karshi jìnnà sí Wuse ní àárín ìlú Àbújá ju ẹni tó ń gbé Mararaba lọ, síbẹ̀ òun ni ará Àbújá lójú òfin. Nítorí náà a kò lè fi bí àdúgbò kan ṣe jìnnà sí àárín ìlú tó mọ ìpínlẹ̀ tó wà. A kò sì lè fi orúkọ mọ̀ ọ́n, torí pé Nyanya wà ní Àbújá, New Nyanya sì wà ní Nasarawa. Abacha Barracks wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n Abacha Road tí àwọn onímọ́tò máa ń pariwo rẹ̀, Mararaba ló wà. Láti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí, ó di dandan kí a padà sẹ́yìn sí ọdún 1976, àní kí a tilẹ̀ rékọjá rẹ̀.

Kí ọdún náà tó dé, Karu kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú Àbújá. Ìlú àwọn Gbagyi ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, ìhà Keffi ni wọ́n sì ń kọjú sí ní ti ìṣàkóso. Láti 1967 ni wọ́n ti wà nínú ìpínlẹ̀ Benue-Plateau, nígbà tí ìyẹn sì pín sí méjì ní 1976, ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n bá lọ. Àbújá ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ọ̀tọ̀, níhà àríwá. Àwọn ọba Haúsá ti Zazzau, tí wọ́n sá kúrò ní Zaria nígbà ogun jíhàdì àwọn Fúlàní, ni ìran wọn dó síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Abubakar, tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ pè ní Abu Ja, ló tẹ ìlú náà dó ní 1828, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ìlú. Àwọn ará Karu kò sin ọba Àbújá yìí.

Ní oṣù kẹjọ 1975, ìjọba Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà, nítorí pé Èkó ti há jù. Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, ni alága ìgbìmọ̀ náà, Tai Solarin ti Ìkẹ́nnẹ́ sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n jábọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, ìjọba fi òfin kẹfà ọdún náà gé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà níbùú lóròó fún olú-ìlú. Inú ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti gé e: Niger ló yọ̀ǹda èyí tó pọ̀ jù, Plateau yọ̀ǹda ìhà ìlà-oòrùn níbi tí Karu àti Karshi wà, Kwara ìgbà náà sì yọ̀ǹda ìhà gúúsù, lọ́wọ́ Abaji.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú títí dòní. Wọ́n mú orúkọ ìlú Àbújá, wọ́n fi pe gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gé. Ìlú tó ni orúkọ gan-an wá di aláìlórúkọ, ni wọ́n bá fún un ní orúkọ tuntun, Suleja, tí wọ́n mú láti ara orúkọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, Suleimanu Barau. Suleja kò sì sí nínú Àbújá tuntun. Ìpínlẹ̀ Niger ló wà di òní olónìí. Èyí já sí pé ìlú tí wọ́n ń pè ní Àbújá láti 1828 bọ́ sí òde, Karu tí kò sin Àbújá rí sì di ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu mọ́ pé orúkọ àti ààlà kò bára wọn mu lágbègbè yìí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ààlà náà fúnra rẹ̀. Ó wà nínú àfikún àkọ́kọ́ ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé etí Àbújá kà á lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Ńṣe ni òfin náà ń rìn láti abúlé dé abúlé bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abúlé Izom, ó fa ìlà sí ìwọ̀-oòrùn dé ibi kan lókè Lehu lórí odò Kemi, ó wá ṣẹ́rí sí gúúsù, ó kọjá lẹ́bàá Semasu, Zui àti Bassa, ó dé ìwọ̀-oòrùn Ebagi. Láti ibẹ̀ ó yà sí ìlà-oòrùn, ó lọ sí Ahinza lórí odò Kanama, ó lọ sí Buga. Láti Buga ló ti kọjú sí àríwá, tó so abúlé mẹ́ta pọ̀: Odu, Karshi àti Karu. Láti Karu, ó tẹ̀lé ààlà ìpínlẹ̀ Niger àti Plateau títí dé Kawu, ó tẹ̀lé ààlà Kaduna àti Niger dé òkè Bwari díẹ̀, ó fa ìlà tààrà sí Zuba, ó tún fa òmíràn tààrà padà sí Izom.

Ẹ kíyè sí i pé láti Bwari sí Zuba, ìlà tààrà ni. Ìlà tààrà yìí ló fi Suleja àti Madalla sí òde, òun náà ló fi òkè Zuma sí òde, òkè ńlá tó wà lára owó ọgọ́rùn-ún náírà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ti Àbújá ni. Ìpínlẹ̀ Niger ló ni ín.

Àmọ́ gbólóhùn tó kan ọ̀rọ̀ wa ni èyí tó ní kí ìlà so Odu, Karshi àti Karu pọ̀. Abúlé kì í ṣe èèkàn kan tí a rì mọ́lẹ̀. Abúlé ní ilé, ó ní oko, ó ní àkúrò, ó ní ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dáko lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Nígbà tí òfin bá ní kí ìlà kan dé abúlé, kí ó sì gba ibẹ̀ kọjá, ìlà náà yóò kọ́kọ́ la ilẹ̀ abúlé náà sí méjì kí ó tó la ohunkóhun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní Karu. Ìlú náà fúnra rẹ̀ bọ́ sínú Àbújá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi ń lò ní ìhà kejì ṣẹ́ kù sí Plateau. Lójú tèmi, ẹ̀bi ìdàrúdàpọ̀ yìí pọ̀ lọ́rùn bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ju ti àwọn éjẹ́ǹtì ilé àti ilẹ̀ tí a máa ń bú lọ. Àní, ìwé òfin ọdún 1999 ṣì ń pe ìpínlẹ̀ tó bá Àbújá pààlà ní ìhà ibẹ̀ ní Plateau, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n ti gé Nasarawa kúrò lára Plateau, ìwé òfin kan náà sì ka Nasarawa mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà.

Báwo wá ni Karu ṣe di méjì? Èrò ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni pé kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn, kí wọ́n sì tún ilé kọ́ fún wọn nínú ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Nígbà tí wọ́n ṣírò iye tí yóò náni, wọ́n rí i pé ẹrù náà wúwo jù. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, wọ́n yí èrò padà: ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ, ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró, kìkì pé wọ́n lè ṣí i nípò bí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ nǹkan sí. Àwọn kan lọ, àwọn kan dúró. Lára àwọn ará Karu tí wọ́n yàn láti wà ní Plateau ni wọ́n tẹ̀dó sí New Karu lójú ọ̀nà Keffi. Bẹ́ẹ̀ náà ni New Karshi ṣe ṣẹ̀. Níhà Suleja, New Wuse ni wọ́n pe ibi tí àwọn tó kúrò ní Wuse lọ. Orúkọ tẹ̀lé ènìyàn kọjá ààlà, ó sì tún dúró sílé. Ìdí nìyẹn tí Karu fi ní ọba méjì lónìí: Sakaruyi ni oyè ọba Karu ti Àbújá, Esu Karu sì ni ti ìhà Nasarawa.

Nígbà tó di 1991, wọ́n gé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kúrò lára Keffi, wọ́n pè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Karu, New Karu sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá. Ọ̀rọ̀ wá di pé "Karu" jẹ́ orúkọ wọ́ọ̀dù kan nínú AMAC, ó sì tún jẹ́ orúkọ odidi ìjọba ìbílẹ̀ kan ní òdìkejì ààlà, nínú èyí tí Mararaba, Ado, Masaka àti One Man Village wà. Nyanya, Orozo àti Karshi náà jẹ́ wọ́ọ̀dù nínú AMAC, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwọn kò le tó ti Karu.

Mararaba ní tirẹ̀ kì í ṣe orúkọ ìlú látilẹ̀. Oríta ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹ ó fi máa bá Mararaba pàdé káàkiri òkè ọya, bíi Mararaban Jos ní Kaduna. Èyí tí à ń sọ yìí, Mararaban Gurku ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ìyẹn oríta tí wọ́n ti ń yà sí abúlé Gurku. Èrò ọkọ̀ ló gé e kúrú. Iṣẹ́ ìkọ́lé àti owó ilé ló sì sọ oríta náà di ìlú ńlá. Nyanya ti wà ṣáájú gẹ́gẹ́ bí àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ olú-ìlú, nígbà tí ibẹ̀ kún, tí owó ilé ní àárín ìlú sì kọjá agbára mẹ̀kúnnù, àwọn ènìyàn rékọjá ààlà lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dínwó. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí ìjọba Àbújá ń wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní kò bá àwòrán ìlú mu, tí wọ́n sì lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ìhà Nyanya àti Mararaba ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn forí lé.

Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìhà Ojodu dáadáa kò nílò àlàyé gígùn lórí irú ìgbésí ayé yìí. Bí ènìyàn ṣe ń gbé Akute tàbí Ojodu-Abiodun, tí í ṣe ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń jí lọ síṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ará Èkó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ará Mararaba. Fún ìrìn àti ọjà, ìlú kan ṣoṣo ni láti Kugbo dé Masaka. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi máa fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Nasarawa lo wà, o ń pe ara rẹ ní ará Àbújá". Orí ìwé ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé kan sì wà tó ń ṣini lọ́nà.

Bíìlì iná ló ń ṣini lọ́nà jù. Iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún Àbújá, ìyẹn AEDC, òun náà ló ń pín in fún Nasarawa, Niger àti Kogi, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà "Abuja" tó wà lókè bíìlì kò fi hàn pé ilé náà wà ní Àbújá. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà kò wúlò fún èyí, torí pé ẹni tó ń gbé Masaka lè gba nọ́ńbà Àbújá, kí ẹni tó ń gbé Jikwoyi sì máa wa ọkọ̀ tí wọ́n kọ "Home of Solid Minerals" ti Nasarawa sí lára. Ìwé ìpolówó ilé ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ kẹ́yìn. Ohun tí a lè gbára lé ni wọ́ọ̀dù tí ibùdó ìdìbò àdúgbò náà wà, nítorí àjọ elétò ìdìbò kò lè fi wọ́ọ̀dù kan sí ìpínlẹ̀ méjì.

Ìdìbò náà ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Ará Mararaba ń dìbò yan gómìnà Nasarawa àti aṣòfin sí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ní Lafia. Sẹ́nétọ̀ ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Nasarawa sì ni tirẹ̀. Ará Karu ti Àbújá kò ní gómìnà láti yàn. Ààrẹ ló ń yan mínísítà tí yóò máa darí Àbújá, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo àti aṣojú méjì ni gbogbo Àbújá ní ní ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, alága AMAC sì ni aláṣẹ tí ará Karu lè fi ìbò yàn tó súnmọ́ ọn jù.

Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìyàtọ̀ yìí di ohun tí a fojú rí. Ìkéde Ààrẹ tó ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta kan Èkó, Ògùn àti Àbújá nìkan; Nasarawa kò sí níbẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ẹni tó ń sùn ní Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse di arìnrìn-àjò láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Owó orí náà ń fa àríyànjiyàn. Ohun tí òfin sọ ni pé owó orí òṣìṣẹ́ tọ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ bí ọmọ ogun àti ọlọ́pàá; ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Nasarawa fi ń béèrè owó orí àwọn tó ń rékọjá Nyanya lọ síṣẹ́ ní gbogbo àárọ̀.

Ti ilẹ̀ ló yẹ kí a fara balẹ̀ lé jù, nítorí pé owó tí kò ṣeé gbà padà ló wà níbẹ̀. Ìwé òfin sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Àbújá, mínísítà sì ni ìjọba fún láṣẹ láti fọwọ́ sí C of O níbẹ̀. Olórí abúlé kan ní Jikwoyi tàbí Orozo lè ta ilẹ̀ fún ẹ, kó fún ẹ ní ìwé tó ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ ẹ́ di onílẹ̀ lójú òfin. Ní Mararaba àti Masaka, gómìnà Nasarawa ni ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 ṣe wí, NAGIS sì ni ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. AGIS ni ti Àbújá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ létí ààlà, pàápàá lọ́wọ́ Karshi níbi tí oko Àbújá àti oko Nasarawa ti dì mọ́ra wọn, kí ó gba sọ́fè ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ó sì ní kí awọnlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà fi nọ́ńbà tó wà lára àwọn òpó ilẹ̀ náà wò ó ní ọ́fíìsì méjèèjì kí ó tó san kọ́bọ̀. Bí AGIS bá sọ pé ilẹ̀ náà wà nínú Àbújá, tí ìwé tí wọ́n gbé fún un sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Karu, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà kò ní àṣẹ lórí ilẹ̀ yẹn.